Bí Kọnkéré Onírin Ṣe Gbé Ọ̀gá Ìwé Ẹ̀tọ́ Ṣubú

Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín máa ń yá sí àtẹ́wọ́, ẹ káwọ́ gbera ná, torí àtẹ́wọ́ ló ba ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá kan wà tó fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀ débi pé bí kò bá rí ẹni tí yóò gbọ́ ọ, á lọ dúró síwájú dígí, á máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, á sì máa mi orí sí i. Ọ́fíìsì Ìwé Ẹ̀tọ́ ni ìjọba fi í ṣe olórí rẹ̀. Iṣẹ́ ibẹ̀ ò le rárá. Bí ẹnìkan bá ronú kan nǹkan tuntun, á kọ ọ́ sínú fáìlì, á gbé e wá, wọ́n á lu òǹtẹ̀ ọjọ́ tó gbé e wá mọ́ ọn lára, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì fún un níwèé pé òun ló kọ́kọ́ rò ó, kí ẹlòmíràn má ṣe é láìtọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fi iṣẹ́ kékeré lé ẹni tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ lọ́wọ́, kí ẹ wá wo bó ṣe máa fẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn rẹ̀, Asọ̀rọ̀-má-jókòó ni wọ́n ń pè é. Níwájú rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀gá Àgbà, Òye Tí Kò Lópin, Àtùpà Àwọn Olùṣẹ̀dá. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì gbọ́dọ̀ ka gbogbo rẹ̀ tán kó tó ṣílẹ̀kùn fún mọ́tò rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ikọ́ dá ọkùnrin náà dúró sórí "Òye", ìta gbangba ni Ọ̀gá jókòó sí nínú mọ́tò fún ogójì ìṣẹ́jú, nítorí wọn ò tíì kí i dé orí Àtùpà.

Àga rẹ̀ nínú ọ́fíìsì ga ju ti gbogbo èèyàn lọ. Kì í ṣe pé káfíńtà kàn án ga o. Fáìlì ni wọ́n kó sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fáìlì àwọn tí kò lẹ́nìkan níbì kankan, tí kò sẹ́ni tó máa bá wọn béèrè wọn. Bí àlejò bá wọlé, Ọ̀gá á máa wò ó láti òkè, inú rẹ̀ á sì dùn.

Ẹni tó mọ gbogbo àṣírí yìí ni Atẹ̀wé, obìnrin kan tí irun ti ń funfun létí, tó ti ń tẹ̀wé nínú ọ́fíìsì náà láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọdún méjì péré ló kù kó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá kò sí èyí tí kò gba abẹ́ ìka rẹ̀ kọjá. Nígbà kan, Ọ̀gá kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé ọ́fíìsì náà ti ń ṣe iṣẹ́ rere láti ọgbọ̀n ọdún ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀. Atẹ̀wé rò pé ire lòun ń ṣe, ó rọra tún un ṣe. Háà! Ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ ya aṣọ mọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn.

"Ta ló ní kí o ronú?" ni Ọ̀gá bi í. "Ohun tí mo bá fi lé ọ lọ́wọ́, bó ṣe wà ni kí o tẹ̀ ẹ́. Bí eṣinṣin bá kú sórí ìwé mi, tẹ eṣinṣin náà!"

Wọ́n sọ ọ́ di òfin. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, Atẹ̀wé fọwọ́ sí i, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀. Òfin kejì sọ pé lẹ́yìn gbólóhùn tó bá dùn, kó máa tẹ "ÀTẸ́WỌ́ NÍBÍ" ní lẹ́tà gàdàgbà, kí Igbákejì Ọ̀gá, tó máa ń di ẹ̀dà kan mú, lè mọ ìgbà tó yẹ kí inú rẹ̀ dùn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún kan, ìjọba fẹ́ fi ìpìlẹ̀ afárá tuntun lélẹ̀ lórí odò tó la ìlú náà sí méjì, wọ́n sì ní kí Ọ̀gá wá sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún. Kó tó di ọ̀la, Ọ̀gá ti kọ ojú ìwé mẹ́rìndínlógún nípa ara rẹ̀, kò sì tíì dárúkọ afárá.

"Ọ̀gá Àgbà," ni Igbákejì wí, ó tẹrí ba, "ó dùn kọjá oyin. Ṣùgbọ́n àwọn ẹnjiníà máa wà níbẹ̀. Ẹ ò ṣe bu ọ̀rọ̀ iṣẹ́ díẹ̀ sí i, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ ju àwọn lọ?"

Ọ̀gá ronú díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fa fáìlì kan yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ òsì àga rẹ̀. Àga náà fì sápá kan. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn ni Ọ̀gá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ tó sì wọlé wá bá a náà ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó má bàa dà bíi pé àwọn dúró ṣánṣán jù ú lọ.

"Tẹ ibí, àti ibí, àti ìdí ìwé yìí mọ́ ọ̀rọ̀ mi," ni Ọ̀gá wí fún Atẹ̀wé. Kò kà á. Ó kàn rí i pé "kọnkéré" àti "irin" pọ̀ níbẹ̀.

Atẹ̀wé jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀. Àmì àtàǹpàkò tó ní ìpẹtà irin wà létí ìwé náà, ọwọ́ ìkọ̀wé ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ lọ síléèwé ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mọ́ kedere. Ó kà báyìí pé: "Fún ojú afárá, níbi tí ọkọ̀ ń tẹ̀, irin lásán kò tó. Mo máa ń lọ́ irin náà bí ẹni ń fún aṣọ tó tutù, mo sì máa ń tẹ orí rẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, kí kọnkéré lè rí ibi dì í mú. Gẹ́gẹ́ bí ọkọ mi olóògbé ṣe máa ń sọ, irin tí kò bá di kọnkéré mú, àlejò ló jẹ́ nínú rẹ̀. Bí ìnira bá dé, á bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀."

Ọwọ́ Atẹ̀wé dúró. Ó dìde, ó lọ kan ilẹ̀kùn.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ibì kan wà níbí tó..."

"Ṣé eṣinṣin ni?"

"Rárá, sà."

"Ká tiẹ̀ ní eṣinṣin ni!"

Atẹ̀wé ní ó dáa. Ó padà lọ jókòó, ó tẹ ọkọ, ó tẹ olóògbé, nígbà tó sì jẹ́ pé gbólóhùn náà dùn lóòótọ́, ó tẹ ÀTẸ́WỌ́ NÍBÍ sí ìdí rẹ̀. Fáìlì náà padà sábẹ́ ẹsẹ̀ àga.

Lọ́jọ́ kejì, níwájú gbogbo ìlú, Ọ̀gá, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn tó ní irùngbọ̀n, tí ìyàwó rẹ̀ jókòó sí ìlà iwájú, gbé ọwọ́ sókè, ó sì fi ohùn rẹ̀ tó ki jùlọ sọ pé: "Gẹ́gẹ́ bí ọkọ mi olóògbé ṣe máa ń sọ..." Ìyàwó rẹ̀ yíjú wò ó. Ṣùgbọ́n Igbákejì wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ẹnìkan bá ti bẹ̀rẹ̀, ta ni yóò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò yé òun? Gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́.

"Ọkọ báwo?" ni bíríkìlà kan bi ẹnìkejì rẹ̀.

"Dákẹ́, ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ ni."

Ẹ jẹ́ kí n má parọ́ fún yín, ohun tó tẹ̀lé e ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Níbi ìpàdé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Igbákejì, ọkùnrin tó níyàwó nílé tó sì bímọ mẹ́rin, dìde, ó wúkọ́, ó ní: "Gẹ́gẹ́ bí ọkọ mi olóògbé ṣe máa ń sọ, ẹ jẹ́ ká máa tètè dé ibi iṣẹ́." Ẹni tó ń tọ́jú fáìlì gbọ́, òun náà ò fẹ́ kẹ́yìn, ó ní ti tòun, ọkọ méjì ló ti ṣaláìsí. Kí oṣù tó parí, ọ́fíìsì náà kún fún opó onírùngbọ̀n. Bí Atẹ̀wé bá délé, á ki aṣọ bọ ẹnu, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rín náà bá tán, á rántí pé opó gidi kan wà níbì kan tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn, ara rẹ̀ kì í sì í balẹ̀ mọ́.

Ẹnìkan wà níbi ìpìlẹ̀ náà tí kò pàtẹ́wọ́, torí ó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe tó gba iṣẹ́ afárá ni. Kò pẹ́ tó fi wá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú àga gíga.

"Ọ̀gá Àgbà, láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, oorun ò kùn mí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ẹ̀dà kan, kí n máa kà á kí n tó jẹun."

Wọ́n fún un. Ní oṣù kẹjọ ó padà wá pẹ̀lú fáìlì tirẹ̀. Irin tí wọ́n lọ́ bí aṣọ tó tutù ti wọ ibẹ̀, ìwọ̀ ẹja ti wọ ibẹ̀. Ọkọ nìkan ló yọ kúrò. Ó tún fi kún un pé nígbà tí afárá náà bá parí, orúkọ Ọ̀gá lòun máa kọ sí i lára, ní lẹ́tà tó ga ju èèyàn lọ. Ìwé ẹ̀tọ́ tó máa ń gba ọdún méjì, ọjọ́ kẹsàn-án ni Agbaṣẹ́ṣe gbà á. Ọ̀gá ò rántí pé òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ẹnu rẹ̀ ló ti jáde. Kí ló kàn án? Òun kì í tẹ́tí sí ọ̀rọ̀, sísọ ni tòun.

Bó ṣe di pé Ìyá Bẹ́ńdà wá sí ọ́fíìsì nìyẹn. Iṣẹ́ bẹ́ńdà lobìnrin náà ń ṣe: òun ló ń tẹ irin, òun ló ń so ó pọ̀, kí wọ́n tó da kọnkéré bò ó. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ ronú kan lílọ́ irin náà, kí ikú tó mú ọkọ lọ. Iṣẹ́ ojú afárá tuntun yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun àti èèyàn márùn-ún tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ó ti so irin dé ìdajì nígbà tí lẹ́tà Agbaṣẹ́ṣe dé pé kó sọ̀ kalẹ̀, pé ọ̀nà tó ń gbà ṣe é ti di ti òun, àti pé bó bá tún lọ́ irin kan fún afárá kankan láyé yìí, ẹjọ́ ni.

"Àǹtí, ẹ bá mi wò ó," ló wí fún Atẹ̀wé lójú fèrèsé ọ́fíìsì. "Oṣù kejì ni mo gbé fáìlì tèmi wá. Wọ́n ní ìwé tí wọ́n fi ń jẹ́rìí pé àwọn gbà á ti tán lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ fáìlì lójú mi. Mi ò níṣẹ́ mìíràn. Ohun tí ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi nìyí."

Atẹ̀wé wo ọwọ́ obìnrin náà, ó rí àtàǹpàkò tí ìpẹtà irin ti wọ̀ lára. Ó mọ̀ ọ́n kíá. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà wọlé, Ọ̀gá sì pè é fún un láti tẹ̀: "A kò rí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ gbà rí." Ó jókòó lórí fáìlì yẹn nígbà tó ń sọ ọ́. Atẹ̀wé tẹ̀ ẹ́. Ó fà á lé Ìyá Bẹ́ńdà lọ́wọ́, kò lè wò ó lójú. Ìfẹ̀yìntì ku ọdún méjì, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tí kò bá tíì wà níbẹ̀ rí ni kó sọ ọ̀rọ̀ ìgboyà.

Ìyá Bẹ́ńdà ò gbà. Ó gbé ẹjọ́ lọ bá Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìwé ẹ̀tọ́. Ó ní kọnkéré onírin tí Agbaṣẹ́ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ yàtọ̀ sí ti òun, àti pé èyí tó gba ìwé fún, ti òun ló jí. Ìgbìmọ̀ kọ̀wé sí Ọ̀gá pé: kí tiẹ̀ ni kọnkéré onírin?

Ẹ ò rí i pé wọ́n ti bá a níbi tó ti ń yún un. Ọjọ́ mọ́kànlá ni Ọ̀gá fi ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Nígbà tó jáde, ìtumọ̀ rẹ̀ rèé: "Kọnkéré onírin ni kọnkéré yòówù tí irin yòówù bá wà nínú rẹ̀, ìbáà tóbi, ìbáà kéré, ìbáà jẹ́ ẹnìkan ló fi í síbẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ó ṣubú síbẹ̀ ni." Ó wá sọ pé gbogbo rẹ̀ pátá, ìwé ẹ̀tọ́ Agbaṣẹ́ṣe ló bò ó. Wọ́n kéde rẹ̀ lórí rédíò.

Lọ́jọ́ kejì, èèyàn ti tò dé géètì. Onílé kan ní kọ́kọ́rọ́ òun já bọ́ sínú kọnkéré àgbàlá nígbà tó ṣì tutù, ṣé ti Agbaṣẹ́ṣe ni àgbàlá náà báyìí? Obìnrin kan ní ṣíbí ló wà nínú àtẹ̀gùn ilé tòun. Bàbá àgbà kan fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ wọlé, ó ní ìṣó mẹ́ta wà nínú ilẹ̀ ilé ìyàgbẹ́ òun, ṣé òun ṣì lè máa lò ó, àbí kí òun kọ́kọ́ kọ lẹ́tà?

Ẹni tó lórí á ti dá ọ̀rọ̀ náà padà. Ọ̀gá wa ńkọ́? Ó dá ẹ̀ka tuntun sílẹ̀, Ẹ̀ka Ṣíbí, Ìṣó àti Kọ́kọ́rọ́. Ó fún òṣìṣẹ́ mẹ́fà ní òkúta òòfà tí wọ́n so mọ́ okùn, kí wọ́n máa fà á kiri ilẹ̀ ilé onílé. Nígbà tí òòfà lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ pápá ọ́fíìsì náà gan-an, ó ní kí wọ́n kọ̀wé tọrọ àyè lọ́wọ́ Agbaṣẹ́ṣe, kí òṣìṣẹ́ sì máa gba orí koríko wọlé títí èsì yóò fi dé. Òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Gbogbo wọn gba inú ẹrẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, wọ́n sì ń yìn ín bí wọ́n ṣe ń yọ̀ ṣubú.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Alága Ìgbìmọ̀ jẹ́ ìyá àgbà kan tó ti fi ogójì ọdún kọ́ afárá kó tó jókòó ti ẹjọ́; ìka kan ti gé lọ́wọ́ òsì rẹ̀ síbi iṣẹ́. Ìyá Bẹ́ńdà jókòó sẹ́yìn pátápátá, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ márùn-ún, wọn ò rí iṣẹ́ ṣe láti oṣù mẹ́rin, irin wọn sì ń dípẹtà lórí odò. Bó bá pàdánù lónìí, ó parí nìyẹn; kò ní lọ́ irin mọ́ láéláé, èrò ọkọ rẹ̀ yóò sì máa jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láàárọ̀. Ó sọ ọ́ títí oòrùn fi kan àtàrí. Ó túmọ̀ kọnkéré, ó túmọ̀ irin, ó túmọ̀ "nínú". Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ti ń sùn. Níkẹyìn, Alága yọ dígí ojú rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ kọnkéré fún wa yìí, ṣé ẹ ti fọwọ́ kàn án rí nígbà tó ṣì tutù?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọ̀gá lára ṣinṣin.

"Èmi? Èmi tí mo ti sọ̀rọ̀ lórí kọnkéré onírin fún gbogbo ìlú kí Agbaṣẹ́ṣe yìí tó mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀!"

Ojú Agbaṣẹ́ṣe, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Ọ̀gá dúró sí, yí padà. Ó nawọ́, ó fa ẹ̀wù Ọ̀gá. "Ẹ jẹ́ kó tó báyìí, Ọ̀gá. Mo bẹ̀ yín."

"Má fà mí láṣọ! Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n pè mí ní òpè ni? Atẹ̀wé! Ìwé mi dà?"

Ìwé ńlá ni, wọ́n fi awọ bo ẹ̀yìn rẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gá ti sọ láti ọdún mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tó sọ ọ́. Ọ̀ranyàn ni fún òṣìṣẹ́ láti ní ẹ̀dà kan.

"Ojú ìwé igba ó lé méjìlá," ni Ọ̀gá wí. "Kà á sókè. O ò gbọdọ̀ fo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan!"

Atẹ̀wé dìde. Ó ṣí ìwé náà. Ó mọ ohun tó wà lójú ìwé náà dáadáa. Òun ló tẹ̀ ẹ́. Ó lè fò ó. Gbólóhùn kan péré ni, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, á lọ sílé, á fẹ̀yìn tì ní ìrọ̀rùn. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí Ìyá Bẹ́ńdà tó káwọ́ dúdú rẹ̀ sórí itan. Inú bí i. Ó bínú sí Ọ̀gá, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ló bínú sí jù. Ó bá gbé ohùn sókè, ó sì kà á bó ṣe wà, irin tí wọ́n lọ́, ìwọ̀ ẹja, títí ó fi dé ibẹ̀.

"'Gẹ́gẹ́ bí ọkọ mi olóògbé ṣe máa ń sọ, irin tí kò bá di kọnkéré mú, àlejò ló jẹ́ nínú rẹ̀.' Àtẹ́wọ́ níbí."

Igbákejì pàtẹ́wọ́. Òun nìkan. Ó ti mọ́ ọn lára, kò lè ṣe é kó má ṣe é.

"Ẹ dúró ná," ni Alága wí. "Ọkọ ta ni?"

Ọ̀gá fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. "Èdè ìjìnlẹ̀ ni, Alága. Ọkọ... nínú ẹ̀mí."

"Ọkọ nínú ẹ̀mí. Ó sì kú?"

"Ó kú... nínú ẹ̀mí náà."

Kí ẹ̀rín tó bẹ́, ẹnìkan ti dìde lẹ́yìn.

"Ọkọ mi ni," ni Ìyá Bẹ́ńdà wí. Omijé ti bo ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. "Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ibi tí a bá ti ń so irin ló ti máa ń sọ ọ́. Kò sì tíì parí."

Alága gba ìwé náà lọ́wọ́ Atẹ̀wé, ó fi ọwọ́ bo ojú ìwé. "Parí rẹ̀ fún mi, ọmọ mi."

"'Bí ìnira bá dé, á bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.'"

Alága ṣí ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó wo ìwé. Ó wò ó pẹ́. "Ọ̀gá, oṣù karùn-ún lẹ sọ ọ̀rọ̀ yìí. Oṣù kẹjọ ni Agbaṣẹ́ṣe ní òun ronú kàn án. Ẹ sì kọ̀wé sí obìnrin yìí pé ẹ ò rí fáìlì rẹ̀ rí. Ibo lẹ ti rí ọkọ rẹ̀?"

Ọ̀gá tó ti sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ yíjú sí Igbákejì.

"Abẹ́ àga wọn ni, mà," ni Atẹ̀wé wí. Ó yà á lẹ́nu bí ohùn òun ṣe ròkè tó. "Ẹsẹ̀ òsì. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, èmi náà ni mo sì tẹ lẹ́tà pé kò sí níbẹ̀. Ẹ foríjì mí, Ìyá Bẹ́ńdà."

Wọ́n rán èèyàn lọ. Fáìlì mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n kó jáde lábẹ́ àga kan ṣoṣo. Ti Ìyá Bẹ́ńdà dé pẹ̀lú ojú ẹsẹ̀ àga tó ti wọ̀ ọ́ lára, roboto, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹtẹ̀ oṣù kejì. Ọwọ́ pálábá Ọ̀gá ségi pátápátá.

Ìdájọ́ náà ò gùn. Wọ́n gba ìwé ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ Agbaṣẹ́ṣe, wọ́n fún ẹni tó ni ín. Wọ́n da ìtumọ̀ Ọ̀gá nù, wọ́n fi èyí rọ́pò rẹ̀: "Kọnkéré onírin ni èyí tí òun àti irin inú rẹ̀ di ara wọn mú, tó fi jẹ́ pé bí ìnira bá dé, wọn yóò jọ rù ú ni, èyí tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àlejò ni irin jẹ́ níbẹ̀." Báyìí ni ọ̀rọ̀ bẹ́ńdà kan tó ti kú ṣe di òfin. Ẹni tó ní ṣíbí nínú àtẹ̀gùn lọ sílé lọ sùn.

Lẹ́tà tí wọ́n fi lé Ọ̀gá kúrò níṣẹ́ ò ju ìlà mẹ́ta lọ. Wọ́n ní ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì sọ pé ẹni tó kọ ọ́ ò mọ̀wé kọ. Nígbà tó padà wá kó ẹrù, wọ́n ti kó fáìlì kúrò, àga ti balẹ̀. Ó jókòó sí i díẹ̀, tábìlì sì ga dé igbá àyà rẹ̀. Àwọn opó onírùngbọ̀n rántí lójijì pé àwọn ò lọ́kọ rí. Kò sẹ́ni tó bá a gbé báàgì dé géètì àfi Atẹ̀wé, òun náà sì ṣe é torí pé báàgì náà wúwo ni; ẹ̀dà ìwé ara rẹ̀ ló kún inú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ da kọnkéré ojú afárá náà, Ìyá Bẹ́ńdà ránṣẹ́ pe Atẹ̀wé kó wá wò ó. Irin tí wọ́n lọ́ tò lọ láti bèbè odò kan dé ìkejì, gbogbo oríkèé rẹ̀ ni wọ́n fi wáyà so. Ẹ̀rọ ti ń po kọnkéré. Igbákejì, tó ti di adelé ọ̀gá báyìí, dé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó gun àárín irin náà lọ, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó wúkọ́.

"Ní ọjọ́ ńlá tí a kì í gbàgbé yìí," ló bẹ̀rẹ̀, "èmi, gẹ́gẹ́ bí aṣáájú tuntun..."

"Sà," ni Ìyá Bẹ́ńdà ké sí i láti ìsàlẹ̀.

"...tí ìran yóò máa sọ̀rọ̀ rẹ̀..."

"Sà! Ẹ má bínú. Kọnkéré tó bá ti po tán, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí irin wa."

Ó wò yíká. Àwọn òṣìṣẹ́ ti gbé ṣọ́bìrì sọ́wọ́, ojú iṣẹ́ ni gbogbo wọn wà. Ó ká ìwé rẹ̀, ó rọra ń gbé ẹsẹ̀ láàárín irin bó ṣe ń bọ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Bẹ́ńdà gbé ọwọ́ sókè, ẹ̀rọ tẹ̀, kọnkéré sì ṣàn wọ inú irin tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ronú kàn.